Short sale ní Houston, gbàǹjo ti ń kanlẹ̀kùn

Short sale ni pé kí báǹkì gbà kí onílé ta ilé rẹ̀ ní iye tó kéré sí gbèsè tó jẹ lórí rẹ̀. Ká ní onílé kan ní Houston, Texas, jẹ báǹkì ní $310,000, ẹ fẹ́ fi $265,000 ra ilé náà, gbàǹjo tí báǹkì fẹ́ fi gba owó rẹ̀ sì ku ọjọ́ 47. Ó ṣì ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti onílé bá jọ fọwọ́ sí ò tíì dé ibì kankan. Báǹkì gan-an lẹ ń bá dúnàá dúrà, torí owó tiẹ̀ ni kò ní pé.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní bí ìwé tí onílé fi béèrè short sale bá pé pérépéré lọ́wọ́ báǹkì nígbà tí gbàǹjo ṣì ju ọjọ́ 37 lọ, wọn ò gbọdọ̀ lu ilé náà ní gbàǹjo kí wọ́n tó dáhùn. Ọjọ́ 30 ni wọ́n sì ní láti dáhùn. Ọjọ́ 9 ló kù fún yín láti mú kí ìwé náà pé. Ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀la lọ kó tó wọlé, torí ìwé tó bá débẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, báǹkì gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ iṣẹ́ 5 kọ̀wé sọ ohun tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè dákẹ́. Ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé nìkan ni ààbò yìí wà fún. Bó bá jẹ́ ilé tó fi ń gba rẹ́ǹtì, ẹ má gbójú lé e.

Ohun tí wọn yóò béèrè ni lẹ́tà tó ṣàlàyé ohun tó dé bá onílé, pépà owó oṣù rẹ̀, sítétímẹ́ǹtì báǹkì oṣù 2, ìwé owó orí ọdún 2, àdéhùn yín, ẹ̀rí owó yín, ìṣirò iye tí yóò kù fún báǹkì, àti ìwé tó gba àjẹ́ǹtì láàyè láti bá báǹkì sọ̀rọ̀. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kì í tóbi: sítétímẹ́ǹtì olójú-ewé 6 tí onílé fi 5 ránṣẹ́, nítorí pé ìkẹfà ṣófo. Báǹkì á ní ìwé ò pé, ọjọ́ á máa lọ. Ẹ fi òfìfo yẹn ránṣẹ́.

Wọn yóò rán ẹnì kan wá díwọ̀n iye tí ilé náà tó. Kí àjẹ́ǹtì onílé ṣílẹ̀kùn fún un, kó fi fọ́tò òrùlé tó ń jò àti iye àtúnṣe lé e lọ́wọ́. Bó bá wo ìta nìkan, tó kọ $300,000, $265,000 yín ti di yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Ẹ yẹ ìwé ilé wò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ìdáhùn báǹkì. Gbèsè kejì lórí ilé ló ń pa òwò yìí jù: bó bá jẹ́ Fannie Mae, ilé-iṣẹ́ tó ń ra gbèsè ilé lọ́wọ́ àwọn báǹkì, ló ni gbèsè àkọ́kọ́, kò ní jẹ́ kí àwọn tó ni gbèsè tó tẹ̀ lé e gbà ju $6,000 lápapọ̀. Bí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, bá sì lẹ gbèsè owó orí mọ́ ilé, fọ́ọ̀mù 14135 lẹ máa fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú ilé sílẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ 45 ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa parí òwò. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Ní Texas, báǹkì sábà máa ń lu ilé láìlọ kóòtù: ìwé tó fún onílé ní ó kéré tán ọjọ́ 20 láti san gbèsè tó ti kọjá àsìkò, lẹ́yìn náà ìwé gbàǹjo ọjọ́ 21, lẹ́yìn náà gbàǹjo, tó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù. Báǹkì lè ti gbà lórí fóònù láti sún ọjọ́ síwájú, kí ẹni tó máa lu ilé má gbọ́ rárá. Kí onílé gba ìwé rẹ̀, kó sì pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé gbàǹjo ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú gbàǹjo.

Nígbà tí lẹ́tà ìyọ̀ǹda bá dé, ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ ìyàwó kún un. Báǹkì á ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí oṣù kan, torí náà kí ẹni tó ń yá yín lówó ti yẹ ìwé yín wò tán kó tó dé. Kí ó sì hàn gbangba pé báǹkì ti dárí ìyókù gbèsè ji onílé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, onílé lè kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ ìparí.

Omi àti iná ńkọ́? Bí wọ́n bá ti já a, ẹ san án kí ayẹ̀wò tó wáyé. Ẹ̀rọ amúlétutù tí kò ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹfà, ní Houston, olú á ti hù lẹ́yìn ògiri.