Ṣé òjò lè já iye ṣíà mi wálẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági Tuntun, n'Íbàdàn. Owó èsúsú tí mo kó ni mo fi ra ṣíà (ìpín ìdókòwò) iléeṣẹ́ elépo pupa kan àti ti iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe tíì oníkòkó. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kí n tà wọ́n kíá, pé àyípadà ojú ọjọ́ máa ba ọjà wọn jẹ́. Kí ló pa òjò àti ṣíà pọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ọmọ yín ò parọ́, àmọ́ ó ti kánjú jù.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù etí gọ́tà ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ tí àgbàrá bá wọ ibẹ̀, aṣọ á bàjẹ́, gbogbo ayé á sì rí i. Ṣùgbọ́n tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, ẹ wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín ní iye tí ẹ fi gbà á, ẹ ò ní rí. Òjò tí kò tíì rọ̀ ni wọ́n ń yọ nínú owó yín yẹn. Bí ti ṣíà ṣe rí nìyẹn. Èrè ọdún tó ń bọ̀ lẹni tó ń rà á ń rà. Tó bá ti fura sí èrè yẹn, kò ní dá iye tó dá lánàá mọ́.

Ní November 2018, wáyà iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Pacific Gas and Electric dáná sí igbó gbígbẹ ní California, èèyàn 85 sì kú. Ṣíà wọn lé ní dọ́là 47 kí iná náà tó ṣẹ́. Nígbà tó fi máa di àárín January 2019, kò tó dọ́là 10 mọ́. Kì í ṣe òpó tó jóná ló fà á o. Owó gbà-máà-bínú tí wọ́n máa san fáwọn tí ilé wọn jó ni ọjà ti ń ṣírò.

Ti tíì yín wá ńkọ́? Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì mi ní Dùgbẹ̀, Cocoa House ni mò ń wò báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì wà níbẹ̀. Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá mú kí kòkó Ghana àti Côte d'Ivoire dúdú jẹrà lórí igi ní 2023, àìsàn igi kòkó náà kún un, ọ̀dá sì tẹ̀ lé e. Ní March 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní December ó lé ní 12,000. Àgbẹ̀ tó rí kòkó ká ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń rà á ló ń họrí. Tí iléeṣẹ́ bá fowó lé sáṣẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀yin oníbàárà ò yà sídìí ògì, èrè wọn ò ní mì púpọ̀. Tí ẹ bá yà, ó di wàhálà. Iye kòkó náà tún já ní 2025, ẹni tó sáré tà nítorí ìbẹ̀rù lè ti kábàámọ̀.

Ọ̀pẹ ní tiẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀. Ọ̀dá ọdún yìí lè máà hàn nínú èso rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀ tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, torí ìgbà tí òdòdó ń mọ ló ti ń pa á lára. Nítorí náà, ẹ má fi èrè ọdún kan ṣoṣo dá iléeṣẹ́ elépo lẹ́jọ́. Ẹ tún bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n gé igbó tuntun lẹ́yìn December 2020, nítorí òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 kò ní gba epo tàbí kòkó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí n má tàn yín, lọ́jà tiwa níbí, náírà tó já ní June 2023 ṣe ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní jàǹbá ju òjò lọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní tíì ta. Kí ọmọ yín ṣí ìwé ìròyìn ọdọọdún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ewu: níbo ni wọ́n ti ń ra kòkó, ṣé adójútòfò wọn kan omíyalé, gbèsè dọ́là wọn tó èló? Èyí tí wọn ò bá dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ bi wọ́n níbi ìpàdé àwọn oníṣíà.