Ìka ọwọ́ ọmọ yín kò mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo níbí ni mo ti ń tajà. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti ṣe WAEC tán, JAMB ló kù. Bàbá rẹ̀ ní lọ́yà ni yóò ṣe. Òun ní fọ́tò àti fídíò yíyà ló wu òun. Àwọn kan wá sí ilé ìjọsìn wa pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tẹ ìka ọwọ́ ọmọ, wọ́n ní yóò sọ iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún. ₦30,000 ni. Ṣé kí n san án, kí ìjà ilé wa lè tán?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, Ìyá wa.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè èyí. Àsìkò JAMB kì í sún mọ́lé kí irú ìwé yìí má dé ọwọ́ mi, inú sì máa ń bí mi gan-an, nítorí èrè àwọn ọlọ́jà tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń kó lọ. Mo ń bọ̀ wá sórí lọ́yà àti fọ́tò. Ohun tó wà nínú ìbéèrè yín tó yẹ kí a kọ́kọ́ fà tu ni èrò pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a dá ọmọ fún, pé ó fara pamọ́ síbì kan nínú ara rẹ̀, pé ó kù kí ẹnìkan bá a wá a jáde.

Ilà ìka máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nígbà tí oyún bá tó bí oṣù mẹ́ta, yóò sì ti tò tán ní nǹkan bí oṣù kẹfà. Láti ìgbà náà títí dọjọ́ ogbó, kì í yí padà, àfi bí ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ bá bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún ọlọ́pàá àti báǹkì. JAMB pàápàá ń tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló wá jókòó ṣe ìdánwò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò mọ̀ bóyá ọmọ ní sùúrù tàbí ó fẹ́ràn ìwé. Àwọn ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, tí ìyá wọn fúnra rẹ̀ ń ṣì wọ́n pè, ilà ìka wọn kò bára mu. Bí ọgbọ́n orí bá wà nínú ilà ìka, báwo ni wọ́n ṣe máa ń jọra nínú ìwà àti ọgbọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn òbí a máa sọ fún mi pé, “Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ọmọ mi ló rí bẹ́ẹ̀.” Ó di dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1948, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó wá fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìwé tó ní ó ṣàlàyé irú ẹni tó jẹ́. Ó ní kí wọ́n fún ìwé náà ní máàkì, láti òdo dé 5. Bí a bá pín máàkì wọn dọ́gba, ó ju 4 lọ. Ìwé kan náà ló pín fún gbogbo wọn, inú ìwé awòràwọ̀ ló sì ti ṣa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń tẹ ìka ń sọ: “Ọmọ yín lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì lò ó dé ibi tó yẹ. Ó fẹ́ràn èrò, àmọ́ nígbà mìíràn ó máa ń fẹ́ dá wà.” Ìyá wo ni yóò ní rárá?

Wọ́n á tún fi àyànmọ́ tì í. Àwọn baba wa tó gba orí gbọ́, wọ́n gba ẹsẹ̀ gbọ́ pẹ̀lú, ẹsẹ̀ ló sì ń gbé orí dé ibi tó ń lọ. Òṣogbo tiwa yìí ti fi hàn. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbí, iṣẹ́ mìíràn sì ni àwọn kan tó di ayàwòrán tí ayé mọ̀ níbẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Iná ni Jimoh Buraimoh ń tò fún ẹgbẹ́ eléré Ládiípọ̀ kí ó tó máa fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Táíwò Ọláníyì, Twins Seven Seven, ijó ló ń jó tẹ̀lé olóògùn kan tó ń polówó ọjà kiri. Ní 1964 ló tó bẹ̀rẹ̀ àwòrán, UNESCO sì fi oyè oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà dá a lọ́lá ní 2005. Kò sí ẹni tó tẹ ìka wọn wò. Wọ́n rí ibi tí ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wà, wọ́n fọwọ́ bà á, wọ́n ń ṣe é lọ títí ọwọ́ wọn fi mọ́ ọn. Bí ọwọ́ bá ṣe ń mọ́ iṣẹ́ ni ìfẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i lọ́kàn ẹni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbìyànjú ni yóò lókìkí bíi tiwọn, ẹ má fi ìyẹn mú mi.

Àwọn ìdánwò kan wà tó ní láárí, tí a fi ń wo irú iṣẹ́ tó lè bá ọmọ mu. John Holland, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, pín iṣẹ́ sí ọ̀nà 6 ní 1959. Bakare ti Yunifásítì Ìbàdàn sì ṣe ìwé ìbéèrè tirẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ẹnu ọmọ ni ìdáhùn ti ń wá, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lásán ni a sì máa ń fi í ṣe.

Ó wá ku lọ́yà àti fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ wo èsì WAEC rẹ̀: ṣé ó ṣe Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ó sì yege dáadáa nínú rẹ̀? Bí kò bá ṣe é, ọ̀pọ̀ yunifásítì kò ní gbà á fún ẹ̀kọ́ òfin, kí bàbá rẹ̀ má wulẹ̀ bínú mọ́. Ìlànà wọn máa ń yí padà, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ JAMB, ẹ má dúró lórí ọ̀rọ̀ tèmi nìkan.

Bí ó bá yege, ẹ fi í sọ́dọ̀ ayàfọ́tò kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó gbé àpò iná, kó dúró lóde ìgbéyàwó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kó gbọ́ bí oníbàárà ṣe ń dúnàádúrà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí bàbá rẹ̀ mú un lọ jókòó ní kóòtù níbí, gbangba ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́. Kó rí bí wọ́n ṣe ń sún ẹjọ́ síwájú, kó sì mọ̀ pé ọdún 5 ní yunifásítì ni, kó tó tún wá lọ sí Law School. Bó bá dé, ẹ má bi í bóyá ó gbádùn rẹ̀. Ẹ bi í pé, nínú ohun tó súni níbẹ̀, èwo ni ìwọ lè fara dà lójoojúmọ́? Ìdáhùn yẹn ni kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ jókòó lé lórí. Mi ò tíì rí ọmọ yìí, mi ò sì ní bá yín yàn án.

Bí ẹ bá ti san àsansílẹ̀, ẹ gbà á padà. Bí wọ́n bá sì ti tẹ ìka ọmọ náà, ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú yín, torí ìka yẹn náà ló wà lórí NIN rẹ̀.