Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Ọmọ mi ló lóun fẹ́ máa ka òjò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS3, orí ẹ̀ pé gan-an, láti kékeré la ti ń pè é ní dókítà, àfi bó ṣe dé lọ́jọ́ kan tó lóun ò ṣe dókítà mọ́, àyípadà ojúọjọ́ lòun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Bàbá ẹ̀ ní ṣé àwọn tó ń sọ lórí rédíò pé òjò máa rọ̀ tí ò sì ní rọ̀ náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é dàgbà, ṣé wọ́n ń rí nǹkan jẹ níbẹ̀? — Ìyá Ọlọ́mọ, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé ti rédíò yẹn, iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ni. Òjò ọ̀la ni wọ́n ń wò. Àwa, ó máa ń tó òjò 30 ọdún tá a máa kó jọ ká tó lanu sọ pé ojúọjọ́ ibì kan ti yí padà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ mi ò ju kí n jáde láràárọ̀ ní aago kan náà, kí n yọ ike tó ń gba òjò, kí n da omi ẹ̀ sínú gíláàsì tó ní nọ́ńbà lára, kí n bẹ̀rẹ̀ kójú mi bá omi yẹn dọ́gba, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Tí òjò ò bá rọ̀, màá kọ òdo. Ẹni tó bá ya ọ̀lẹ, tó jókòó sínú yàrá kọ òdo, ó ti parọ́ fún ẹni tó máa ṣí ìwé yẹn ní 40 ọdún sí i. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ (mi ò ní dárúkọ wọn), wọ́n kó ìwé òjò ọdún mẹ́fà sínú páálí, wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú stóò, ikán jẹ ẹ́ kù bébà díẹ̀. Ọjọ́ yẹn mi ò lè jẹun.

Òyìnbó kan wà, Charles Keeling, 1958 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èéfín kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú ayé gbóná, lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, bíi 315 ló bá. Àìmọye ìgbà ni wọ́n fẹ́ gé owó iṣẹ́ yẹn, ó bá wọn fà á títí tó fi kú ní 2005, báyìí ó ti kọjá 420. Ẹ sì sọ fún Bàbá pé àwọn onímọ̀ ojúọjọ́ méjì, Manabe àti Hasselmann, gba ẹ̀bùn Nobel físíìsì ní 2021 nídìí iṣẹ́ àyípadà ojúọjọ́ yìí kan náà.

Owó ńkọ́? Kì í tètè dé o, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ NiMet, àjọ ojúọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ń gbà wọ́n, yunifásítì ń gbà wọ́n, IITA tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn nítòsí yín, àwọn tó ń ṣèwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́ náà nílò ẹni tó mọ òjò, torí tó bá ti rọ̀ jù, kòkó á jẹrà lórí igi. FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ń kọ́ ọ dáadáa, títí dé PhD. Físíìsì àti mátíìsì ni kó mú le, ìyẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà. Kó tó kọ JAMB, kó gbé ike tí ẹnu àti ìdí ẹ̀ dọ́gba sí àgbàlá, kó máa fi rúlà wọ̀n ọ́n fún oṣù mẹ́ta. Tó bá sú u, ẹ dá a padà sídìí dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, omíyalé 2011 tó gbé mọ́tò bọ̀ọ̀dá mi lọ, ṣé àyípadà ojúọjọ́ ni àbí pàǹtí inú gọ́tà? — Àbúrò yín, Àpáta

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lóde òní, a máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ayé méjì, ọ̀kan pẹ̀lú èéfín tá a ti tú sáfẹ́fẹ́, ìkejì láìsí i, ká wo èyí tí òjò ti pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé èéfín sọ irú òjò tó rọ̀ lágbègbè Adágún Chad ní 2022 di ohun tó fi nǹkan bí ìlọ́po 80 rọrùn láti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ti Ìbàdàn, odò Ògùnpa ti pa èèyàn ní 1980, a sì tún padà lọ kọ́lé sétí odò. Ní alẹ́ Jímọ̀ 26 August 2011 yẹn, nínú ààwẹ̀, mìlímítà 187.5 ló rọ̀. Mo ṣírò ẹ̀: lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, omi yẹn lé ní táńkà méjìlá, oní-lítà 10,000. Ẹ wá lọ wo bí gọ́tà ojú ilé yín ṣe fẹ̀ tó.