Ṣé kí n fiṣẹ́ oṣù sílẹ̀ torí èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹni ọdún 34 ni mí, ẹ̀ka akáńtì ni mo wà ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Alágbàká, níbí l'Ákùúrẹ́. 140,000 náírà ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, kì í sì í yẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń ṣe èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ojúlówó tí kò ní kẹ́míkà kankan, mo sì ń tà á fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rá oníkílò kan 40 ni mo tà, 4,500 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. 180,000 náírà nìyẹn, ó ti ju owó oṣù mi lọ! Mo fi 98,000 ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Owó ẹ̀rọ, ọ̀rá àti ọkọ̀ jẹ́ 21,000. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń retí kí yunifásítì pè é ló ń bá mi bó o. Mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí n gba gbogbo owó pẹ́ńṣàn mi, kí n fi ṣòwò, kí n sì fi pupuru, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, kún un. Ọkọ mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá mi ní orí mi ti yí. Kí lẹ rí sí i? Mo fi fọ́tò ọ̀rá mi mọ́ lẹ́tà yìí.
Ẹlẹ́lùbọ́ tuntun, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, orí rẹ ò yí. Ìṣirò rẹ ni kò tíì pé. Èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, tíṣà ni mo jẹ́ kí n tó di ẹlẹ́lùbọ́, èlùbọ́ ló sì kọ́ ilé tí mò ń gbé l'Ọ́bà-Ilé. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ẹ pé òwò náà ò dáa.

180,000 tó o ń pariwo yẹn, owó ọjà ni, kì í ṣe èrè. Yọ 98,000 kúrò, yọ 21,000 kúrò, 61,000 ló kù. Fún iṣẹ́ tó o ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe, ó dáa gan-an. Àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ò gbowó. Kí 40 kílò èlùbọ́ tó jáde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tó lọ síbẹ̀ á tó bíi 160 kílò, torí èèpo àti omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá bó gbogbo ìyẹn, oje á ti sọ ọwọ́ ẹ̀ di dúdú kirikiri. Tí yunifásítì bá pè é lọ́la ńkọ́? Eélòó lo máa san fún ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀?

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ, ṣe lo kàn sọ ọ́ kọjá: àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni oníbàárà rẹ. Ọ́fíìsì tó o fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn gan-an ni ìsọ̀ rẹ! Wọ́n ń rà á torí pé o wà nítòsí, torí pé wọ́n lè sanwó tí owó oṣù bá wọlé, àwọn kan ò sì fẹ́ kó o bínú ni. Tó o bá ti kúrò níbẹ̀, mélòó nínú wọn ló máa gun ọ̀kadà wá sílé rẹ torí èlùbọ́? Kó o tó kọ̀wé kankan, gbé ogún ọ̀rá fún alátẹ kan lọ́jà Ìsìkàn, kó o gbé ogún míì fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu géètì FUTA, yunifásítì tó wà l'Ákùúrẹ́ níbí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ẹ́. Wọn ò ní gbà á ní 4,500 o, torí àwọn náà fẹ́ jẹ èrè. Ká ní 3,800 ni wọ́n gbà á, 33,000 ni 61,000 rẹ yẹn máa dà, a ò sì tíì sanwó ẹni tó bó o.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo bẹ̀rẹ̀, oòrùn ọ̀fẹ́ lo sì ń lò. Dúró kí òjò dé. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni tiwa níbí, àfi bó bá dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Wàá sá a láàárọ̀, ojú ọjọ́ á ṣú lọ́sàn-án, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ti máa yọ̀, lẹ́yìn náà ló máa bu. Gé e fẹ́ẹ́lẹ́fẹ́ẹ́lẹ́, orí tábìlì tó o tẹ́ nẹ́ẹ̀tì sí ni kó o sá a sí, má sá a sí etí títì níbi tí ewúrẹ́ àti eruku ọkọ̀ á ti bá ẹ pín in. Kó o tó kó o lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, mú ẹyọ kan, ṣẹ́ ẹ. Tó bá dún pá, ó ti gbẹ. Tó bá tẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, dá a padà sóòrùn. Sọ fún ẹlẹ́rọ pé kó kọ́kọ́ fi ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ nínú tìẹ fọ ẹ̀rọ, kó o da ìyẹn nù, torí àgbàdo tàbí ata gbígbẹ ẹni tó ṣáájú rẹ ṣì wà níbẹ̀. Gbígbóná ló sì máa ń jáde látẹnu ẹ̀rọ. Jẹ́ kó tutù pátápátá kó o tó dì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa làágùn nínú ọ̀rá, ó sì máa bu. Ní ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ nǹkan nígbà òjò, lọ bá àwọn tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ ní FUTA, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ, kó o wá ṣírò owó gáàsì tàbí èédú mọ́ ọn. Ibẹ̀ lo ti máa mọ iye tí kílò kan ń ná ẹ ní tòótọ́.

Ẹni tó ní wọ́n á kó gbogbo owó pẹ́ńṣàn rẹ fún ẹ, irọ́ ló pa. Ohun tí òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 sọ ni pé ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ẹni 50 ọdún, tí kò sì ríṣẹ́ míì láàárín oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú oṣù mẹ́rin yẹn, kò sówó oṣù, kò sí pẹ́ńṣàn. Bóyá ohun tí ọkọ rẹ ń rò nìyẹn tó fi dákẹ́. Jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ ṣírò owó ilé àti owó oúnjẹ.

Mo rí ohun tó o kọ sára ọ̀rá nínú fọ́tò yẹn: “Ó ń wo àtọ̀gbẹ.” Jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò lónìí. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ò fàyè gba kéèyàn máa sọ pé oúnjẹ ń wo àìsàn. Yàtọ̀ síyẹn, òkèlè ṣì ni òkèlè, ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà tó wá jẹ òkìtì àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ torí ohun tó kà lára ọ̀rá rẹ, wàhálà ló rà. Orúkọ oúnjẹ náà, ìwọ̀n rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ, ọjọ́ tó o ṣe é, ọjọ́ tó máa bà jẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC ni kó o kọ síbẹ̀. Wọ́n sì máa wá wo ibi tó o ti ń ṣe é kí wọ́n tó fún ẹ ní nọ́ńbà, torí náà tètè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé.

Tí òjò bá lọ, tí àwọn tí kò mọ̀ ẹ́ rí sì ń padà wá rà, kọ̀wé rẹ. Mi ò ní bá ẹ jiyàn nígbà náà.

Ní ti pupuru, má tíì dán an wò. Èéfín ni wọ́n fi ń yan án, èlùbọ́ sì máa ń fa òórùn mọ́ra. Tí àwọn oníbàárà bá ń béèrè rẹ̀, ra èyí tí àwọn ará apá Òkìtìpupa ti yan tán, kó o sì tọ́jú ẹ̀ sí yàrá míì.