Èsì: Ṣé ìtàn ọmọ inú ike yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá eré tẹlifíṣọ̀n tí John Travolta ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1976, nípa ọ̀dọ́ tó ń gbé inú ike, ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àròsọ ni wọ́n fi kún un, pàápàá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn. David Vetter, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n wò ṣe é, kò ju ọmọ ọdún 5 lọ nígbà náà.

Texas ni wọ́n bí i sí, ara rẹ̀ kò lè bá àrùn kankan jà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé inú ike. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó wà lára ike ni ìyá rẹ̀ fi ń gbé e. Ní 1983 wọ́n fún un ní mùdùnmúdùn egungun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Fáírọ́ọ̀sì kan ti fara pamọ́ sínú mùdùnmúdùn náà, ó sì fa jẹjẹrẹ sí i lára. Ìgbà tí wọ́n gbé e jáde ní February 1984, tó kù díẹ̀ kó kú, ni ìyá rẹ̀ tó fọwọ́ lásán kàn án. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù.