Ohun tójú mi rí lọ́wọ́ ìdérí ìgò

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ju ìdérí ìgò nígbà 20, ó ṣíjú sókè nígbà 13, olùkọ́ yín wá ní tí ẹ bá jù ú nígbà 300, kí ẹ máa retí 195. O délé, o dán an wò, kò rí bẹ́ẹ̀, o sì ń béèrè bóyá ìwọ lo ṣì í ṣe ni àbí olùkọ́.

Kò sẹ́ni tó ṣì í ṣe. 13 nínú 20 jẹ́ 0.65, 0.65 lọ́nà 300 jẹ́ 195. Tó bá jẹ́ inú ìdánwò ni wọ́n ti bi ọ́, kọ 195 síbẹ̀ kó o kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o fẹ́ fi ẹnu ara rẹ ṣèlérí fún ẹnì kan pé iye báyìí ló máa jáde, fara balẹ̀ ná.

Èmi náà ti ṣe é rí. Tèmi tiẹ̀ jẹ́ 14 nínú 20. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo ní tá a bá ju ìdérí yìí nígbà 500, 350 ló máa ṣíjú, tó bá fi ju mẹ́wàá lé tàbí mẹ́wàá dín, èmi ni màá máa fọ aṣọ wọn fún odidi oṣù kan. Wọn ò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n kàn béèrè pé, "Orí kí lo ti jù ú?"

Mo ní orí tábìlì.

"Èyí tó bá yí bọ́ sílẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn ò sí lára rẹ̀, pé mo máa ń mú un nílẹ̀ ni, màá sì tún un jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ mú ìwé àti bírò.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la jókòó sí. Èmi ń jù ú, àwọn ń fa ìlà. Nígbà tó pé 100, 61 ló ti ṣíjú, mo ní kò burú, ó ṣì máa gbé e padà. Nígbà tó pé 300, 172. Ọ̀fun mi ti ń gbẹ nígbà yẹn. Ó pé 500, ẹ̀gbọ́n mi ka ìlà wọn lẹ́ẹ̀mejì, 291 ni. Mo fi 59 kùnà. Mo fọ aṣọ.

Inú ń bí mi débi pé lọ́jọ́ kejì mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, mo pín ìgbà 500 yẹn sí ọ̀wọ́ 25, ogún-ogún, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ọ̀wọ́ kan ní 7, òmíràn ní 16. Àwọn tó ní 12, tó jẹ́ iye tó sún mọ́ ìpín 291 nínú 500 jù lọ, ò ju mẹ́rin péré lọ. Ìdérí kan náà o, ọwọ́ kan náà, ilẹ̀ kan náà! Ká ní ọ̀wọ́ tó ní 7 ni mo kọ́kọ́ bá pàdé, 175 ni mi ò bá lọ ṣèlérí fún wọn. Ká ní ti 16 ni, mi ò bá pariwo 400. Èyíkéyìí nínú wọn ni mi ò bá fi gbogbo ẹnu sọ.

Ọ̀nà tí mo wá ń gbà díwọ̀n rẹ̀ látìgbà náà rèé. Wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tó o bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, iye ìgbà tó o ju nǹkan náà ló máa fún ọ. Tó o bá jù ú nígbà 400, 20 ni nọ́ńbà yẹn, torí 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400. Wá fi nọ́ńbà náà pín 1: 1 pín sí 20 jẹ́ 0.05. Àlàfo tó yẹ kó o fi sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ohun tó o rí nìyẹn. Tó o bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nínú irú àdánwò bẹ́ẹ̀ 20, nǹkan bí ẹyọ kan ni ìpín gidi ti nǹkan náà máa bọ́ sóde àlàfo náà.

Gbé e lé tìẹ. Fún ìgbà 20, àlàfo náà máa ń tó 0.22. 0.65 rẹ lè jẹ́ 0.43, ó sì lè jẹ́ 0.87. Nínú 300, ìyẹn ni pé kó o máa retí ohunkóhun láti 129 títí dé 261. Ẹni tó sọ pé 195 àti ẹni tó sọ pé òun ò mọ̀, ìmọ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ohun tó sì ń dunni níbẹ̀ ni pé tó o bá fẹ́ kí àlàfo náà dín kù sí ìdajì, ìlọ́po mẹ́rin lo máa jù. 400 fún ọ ní 0.05, kó tó di 0.025, ó di 1,600. Ejìká á máa ro ọ́.

Kódà ká ní áńgẹ́lì sọ fún wa pé 0.58 gẹ́lẹ́ ni ti ìdérí mi, 174 la máa retí nínú 300, síbẹ̀ ibikíbi láti 157 sí 191 ló lè bọ́ sí láìṣe pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbàkígbà tó o bá fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí ni kó o sọ, má sọ ẹyọ nọ́ńbà kan.

Ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn wá ńkọ́? Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi kàn ń yọ mí lẹ́nu ni. Àmọ́ mo padà sórí tábìlì náà, mo jù ú títí, mo sì ń kọ àwọn tó bọ́ sílẹ̀ sọ́tọ̀. 46 ló bọ́, 17 péré ló ṣíjú nínú wọn. Àwọn tí mò ń dà nù kò rí bí àwọn tí mò ń kà. Ó jọ pé èyí tó bá fi etí rin kó tó ṣubú ní ìwà tirẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, 14 tí mo fi ń halẹ̀ kì í ṣe oríire lásán, èmi fúnra mi ni mo ti fi ọwọ́ ṣà á láìmọ̀. Irú àṣìṣe yìí burú ju kí ìgbà tó o jù ú kéré lọ, torí kò sí iye tó o lè jù tó máa wò ó sàn. Ẹgbẹ̀rún ìgbà lórí tábìlì yẹn, irọ́ kan náà ló máa pa fún mi, ohùn rẹ̀ á kàn túbọ̀ le ni.

O tún kọ ọ́ pé lẹ́yìn tó dojú dé nígbà mẹ́fà léraléra, o mọ̀ pé ó "yẹ" kó ṣíjú. Kò jẹ ọ́ ní gbèsè o. Ìdérí ò mọ ohun tó ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ, ọdún 1913, àwọ̀ dúdú jáde nígbà 26 léraléra lórí àgbá rùlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àgbá tẹ́tẹ́ tí bọ́ọ̀lù kékeré máa ń bọ́ sójú pupa tàbí dúdú rẹ̀, ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo, àwọn tó rò pé pupa ti tó í jáde sì ń kówó lé e títí owó fi tán lọ́wọ́ wọn.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ní 61 nínú 100. Àkọsílẹ̀ John Kerrich ló là mí lóye, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n há mọ́ àgọ́ ní Denmark nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó sì fi àkókò rẹ̀ ju owó ẹyọ nígbà 10,000. Nínú 100 àkọ́kọ́, orí jáde nígbà 44, ó fi 6 dín sí ìdajì. Nígbà tó pé 10,000, orí jẹ́ 5,067, ó fi 67 lé ní ìdajì. Tó bá jẹ́ iye là ń kà, ńṣe ló túbọ̀ jìnnà. Tó bá jẹ́ ìpín ni, láti 0.44 ó dé 0.5067. Kò sẹ́ni tó san 6 yẹn padà fún un, ó kàn rì sínú ọ̀pọ̀ ni.

Olùkọ́ yín lè ní kẹ́ ẹ fi orí ṣírò dáìsì àti owó ẹyọ, kẹ́ ẹ má ṣèyọnu àdánwò. Ó máa ń gbà bẹ́ẹ̀, títí dé ibì kan. Ní 1894, Weldon, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ju dáìsì 12 pa pọ̀ nígbà 26,306. Ìwé ní 5 tàbí 6 gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.3333, òun rí 0.3377. Fi àlàfo tèmi wọ̀n ọ́n: dáìsì tó jù lápapọ̀ lé ní 315,000, àlàfo rẹ̀ kò tó 0.002. Dáìsì yẹn ò dọ́gba. Ti ìdérí ìgò tiẹ̀ tún yàtọ̀, kò sí ìwé tó máa sọ tirẹ̀ fún ọ, àfi kó o jù ú.

Torí náà, jù ú nígbà 400, kì í ṣe 20. Ilẹ̀ kan náà, gíga kan náà, kó o sì ti pinnu 400 kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé ìgbà tí nọ́ńbà bá wù ọ́ lo máa dúró. Fi 200 àkọ́kọ́ wé 200 ìkẹyìn. Tí wọ́n bá jìnnà síra jù, wo etí ìdérí náà dáadáa. Tèmi ti tẹ̀ níbì kan kí n tó mọ̀, ó sì ti di ìdérí mìíràn. Èyí tó bá sì yí wọ abẹ́ àga, kúnlẹ̀ wò ó níbi tó wà kó o tó fọwọ́ kàn án.