Ẹ má tíì ra aago ẹnu ọ̀nà tuntun, ẹ kọ́kọ́ tọ wáyà yẹn lọ dé géètì

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ayétòrò, ẹ kú wàhálà. Ẹ ní láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni aago ẹnu ọ̀nà yín kò ti dún mọ́, pé àlejò á tẹ̀ ẹ́ títí ní géètì, inú pálọ̀ á pa lọ́lọ́. Ẹ ní oníṣẹ́ iná sọ pé gbogbo rẹ̀ ló ti jóná, kí ẹ ra aago, tìráńsífọ́mà àti wáyà tuntun. Ẹ tún mẹ́nu bà á pé wẹ́dà wá ṣe géètì yín lóṣù tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú owó jáde. Ohun kan náà ti ṣe mí rí ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí, mo sì ná owó tí kò yẹ kí n ná.

Oṣù kẹjọ ni tèmi, ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́, tí òjò kò dáwọ́ dúró. Màmá mi wá láti Ìkìrun. Fóònù wọn ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n tẹ aago, wọ́n tún un tẹ̀. Èmi wà nínú ilé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí ọmọ aládùúgbò fi pè mí láti orí ògiri, màmá ti jókòó sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí wa fún bíi wákàtí méjì, aṣọ wọn ti rin gbindin. Wọn kò bínú, àmọ́ ó dùn mí wọra. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé mo máa mọ bí aago yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo irú èyí tí tiyín jẹ́. Oríṣi méjì ló wà nínú ilé wa. Ọ̀kan ní tìráńsífọ́mà: iná 220 fóltì wọ inú rẹ̀, ó sọ ọ́ di 8, 12 tàbí 16, ìyẹn ló wá ń gba orí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí géètì. Èkejì kò ní tìráńsífọ́mà rárá. Iná NEPA tààrà ni wọ́n fà dé bọ́tìnnì, bọ́tìnnì náà á sì jọ swíìṣì iná tí wọ́n ya àwòrán aago sí lára. Bó bá jẹ́ irú èyí ni tiyín, ẹ pa bírékà, ẹ má ṣí i, kí ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́. Iná 220 nínú bọ́tìnnì tí òjò ń pa lè pa ọmọdé tó bá fọwọ́ tútù tẹ̀ ẹ́. N kò fara mọ́ ọn kí irú rẹ̀ wà ní géètì ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, ti oní-tìráńsífọ́mà nìkan ni, àti pé níbẹ̀ náà, ẹ má fọwọ́ kan apá ibi tí 220 ti wọlé.

Ẹ ríi dájú pé ibi tí wọ́n so aago mọ́ ní iná. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ínfátà gbé iná pálọ̀ ṣùgbọ́n kò gbé aago. Ẹ sì kíyè sí bí iná ṣe lágbára tó. Bí iná NEPA bá wálẹ̀ sí 150, tìráńsífọ́mà tó yẹ kó gbé 12 jáde á máa gbé nǹkan bíi 8 jáde. Aago tó ń dún lọ́sàn-án, tó wá ń dákẹ́ lálẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, kò bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ìdérí aago ní pálọ̀. Ẹ máa rí kọ́ìlì kan (wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé yípo), irin kékeré wà láàárín rẹ̀, páànù pẹlẹbẹ méjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́. Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì, irin náà á sáré lọ gbá páànù àkọ́kọ́. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì á dá irin padà lọ gbá èkejì. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ẹyọ kan péré, irin yẹn ló ń há. Èèrà àti ìdọ̀tí ọmọńlé ni mo bá nínú tèmi. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má kán òróró sí i, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí aago bá sì ń kùn láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹ tètè pa bírékà: bọ́tìnnì ti há tàbí wáyà méjèèjì ti kanra, kọ́ìlì á sì jó bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó gba owó lọ́wọ́ mi nìyí. Oníṣẹ́ iná tèmi ní aago ni; mo ra aago, kò dún. Ó ní tìráńsífọ́mà ni; mo rà á, kò dún. Ó wá ní kí á hú íńtálọ́ọ̀kì nílẹ̀ láti fa wáyà mìíràn, ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. Mo yá mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, mo yí i sí AC (ẹ má fi sí DC, iná yìí kì í ṣe ti bátìrì). Ní ẹnu tìráńsífọ́mà, 12. Ní géètì, láàárín wáyà méjì tó wọ bọ́tìnnì, 12. Mo yọ̀. Bí iná bá pé ní géètì, á jẹ́ pé ó ti gba inú kọ́ìlì aago kọjá, wáyà kò já, bọ́tìnnì ló kù. Mo lọ sí oríta Ọláìyá, mo ra bọ́tìnnì, mo dè é. Kò dún!

Mo yọ bọ́tìnnì, mo fi ẹnu wáyà méjèèjì kanra. Aago kàn kùn bí kòkòrò inú ìgò, irin rẹ̀ kò gbéra. Odindi Sátidé ni mo fi jókòó tì í. Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ní Ìwó ló là mí lójú lórí fóònù. Ó ní iná tí mítà ń fà kò tó nǹkan, bí wáyà bá tilẹ̀ ku fọ́nrán kan, mítà á ṣì rí 12. Aago ló ń fa iná gidi, ìgbà tó bá fẹ́ fà á ni ibi tó ti jẹ á hàn. Ó ní kí ọmọ mi tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí èmi wọn iná ní ẹnu aago ní pálọ̀. 3 péré ni mo rí. Ní ẹnu tìráńsífọ́mà lákòókò kan náà, 12 ṣì wà níbẹ̀. 9 yòókù ń ṣòfò lójú ọ̀nà.

Mo tọ wáyà náà láti géètì padà. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ tí mo fi bá a lẹ́sẹ̀ òpó géètì: ibi tí wẹ́dà ti gé wáyà nígbà tó ń pààrọ̀ géètì, tó lọ́ ọ padà, tó fi ọ̀rá dì í, tó sì bo erùpẹ̀ mọ́ ọn. Omi ti wọ̀ ọ́, bàbà inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó rí bí ewé. Mo gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, mo fi kọ́nẹ́tọ̀ so ó, mo gbé ojú ìsopọ̀ náà sókè lára òpó nínú àpótí kékeré tí omi kò lè wọ̀. Aago dún kí n tó dé pálọ̀. Ògbólógbòó aago tí mo ti yọ dànù, mo dán an wò: òun náà dún.

Nítorí náà, ẹ wọn tiyín ní ẹnu tìráńsífọ́mà àti ní ẹnu aago ní pálọ̀ nígbà tí ẹnìkan bá ń tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ sọ iye tí ẹ rí fún mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, ẹsẹ̀ òpó tí wẹ́dà yín ti ṣiṣẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ gbẹ́.